Ta ló san owó ogun, ta ló kó èrè rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọmọ Àjàṣẹ́-Ìpo ni mí, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà Iléyá tó kọjá, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ nílé wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ ṣójà nígbà ogun Bìáfrà, sọ pé ogun náà tó gbogbo ohun tí a ná lé e, pé tí kì í bá ṣe ogun yẹn, kò ní sí Nàìjíríà mọ́, kò tiẹ̀ ní sí Kwara. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìgbò wà níbẹ̀, ó wá bá wa jẹ ẹran. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní bàbá bàbá òun kò sí láyé láti bá wa dá sí i. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Bàbá, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò irú nǹkan báyìí? Ṣé ènìyàn lè sọ pé ohun tí ogun kan mú wá tó ẹ̀mí àti owó tó bá a lọ?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o ṣeun tí o kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú sídìí àwo ẹran. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní Ìlọrin níbí, kò sì sí ọdún kan tí ẹnì kan nínú kíláàsì kò béèrè ohun tí o béèrè yìí. Jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí ná, kí o má baà máa wá a kiri nínú ọ̀rọ̀ mi. Lójú tèmi, ohun tí ogun 1967 sí 1970 mú wá fún wa kò tó ohun tó gbà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kò sì purọ́ fún yín. Màá ṣàlàyé bí méjèèjì ṣe lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ilé ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin ni bàbá mi, ọmọ Ọ̀fà ni ìyá mi. Ẹni tó bá mọ ìtàn ìlú méjèèjì á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ní 1878, Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin àti àwọn tó bá a wá ní Ìkìrun. Bí wọ́n ṣe ń sá lọ ni wọ́n ya lu odò Ọ̀tìn, ọ̀pọ̀ sì bómi lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Ìlọrin ka Ọ̀fà mọ́ ọ̀tá nínú ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n lọ dó ti ìlú náà, wọ́n sì pẹ́ gan-an nídìí rẹ̀ kí ó tó ṣubú ní nǹkan bí 1890. Karara, balógun Ìlọrin, pa Ọlọ́fà Adégbóyè àti àwọn ìjòyè rẹ̀. Àwọn tó ríbi sá gbà sá lọ, wọ́n kó nínú àwọn yòókù lẹ́rú.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá mú mi lọ sí Ọ̀fà, ìyá ìyá mi máa ń sọ ìtàn yìí nídìí àtẹ ẹ̀wà tó ń ṣà. Ẹnu ìyá tirẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Kò mọ ọdún, kò mọ iye ọmọ ogun. Orúkọ agboolé ló mọ̀. Á mú hóró ẹ̀wà kan, á pe orúkọ agboolé kan, á ní, "Ẹni méjì ló padà síbẹ̀." Á mú òmíràn, á ní, "Èyí, kò sẹ́ni tó padà." Tí mo bá dé ilé bàbá mi ní Ìlọrin, ìtàn kan náà ni wọ́n máa sọ fún mi, ṣùgbọ́n ẹṣin ni wọ́n ń kà níbẹ̀, àti àwọn akọni tó gùn wọ́n. Mo fẹ́ràn ìtàn méjèèjì, n kò sì rò pé ilé kankan nínú wọn tàn mí. Ohun tó wọlé ni ilé kan kọ sílẹ̀, ohun tó jáde ni ilé kejì kọ.

Láti ìgbà yẹn, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè nípa ogunkógun ni pé: ta ló sanwó rẹ̀, ta ló sì kó èrè? Ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ẹnì kan náà. Ní 1893, Gómìnà Carter wá láti Èkó, ó tú ibùdó ogun Ìlọrin àti ti Ìbàdàn ká. Ní oṣù Kejì 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Òyìnbó, gbé àgbá wá, wọ́n sì ṣẹ́gun Ìlọrin fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí Ọ̀fà ti ṣubú, kò tíì ju bí ọdún méje lọ. Lóòótọ́, Òyìnbó fi Ọ̀fà sínú ẹkùn Ìlọrin lẹ́yìn náà, àmọ́ àṣẹ Òyìnbó ni, idà kọ́ ló ṣe é. Àwọn àgbẹ̀ Ìlọrin tí oko wọn di igbó nígbà tí wọ́n wà ní ibùdó, kí ni wọ́n rí níbẹ̀? Àwọn tí odò Ọ̀tìn gbé lọ ńkọ́?

Àmọ́ àwọn kan rí jẹ. Ogun ni oko àwọn balógun ayé ìgbà yẹn, ní Ìlọrin, ní Ìbàdàn, ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ń ta ẹrú tí wọ́n bá kó láti ra ìbọn àti ẹ̀tù, wọ́n sì ń fi ìbọn àti ẹ̀tù yẹn kó ẹrú mìíràn. Ẹni tí nǹkan báyìí ń bọ́, kí lo fẹ́ kó wá ṣe nílé? Nígbà tí Ẹ́míà Moma fẹ́ fi pẹ̀lẹ́tù bá Òyìnbó ṣe é, àwọn balógun dìde sí i, ọ̀rọ̀ yẹn ló sì gba ẹ̀mí rẹ̀ ní 1895. Tí ogun kan bá ń pẹ́ tí kò tán, wo ẹni tí àlàáfíà máa gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ó yá, ká wá sí ogun ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Ó ní láìsí ogun, kò ní sí Kwara. Mú kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967 ni Gowon, olórí ìjọba ológun, kéde ìpínlẹ̀ 12, tiwa sì wà lára wọn. West Central State ni wọ́n kọ́kọ́ pè é kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Kwara. Ọjọ́ kẹta sí i, ọjọ́ 30, ni Ojukwu, gómìnà ìlà oòrùn, kéde Bìáfrà ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀. Ọjọ́ 6 oṣù Keje ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti yan David Bámigbóyè, ọmọ Òmù-Àrán, ṣe gómìnà wa kí ìbọn kankan tó dún. Kwara ti wà nílẹ̀ kí ogun tó dé, pípín tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ sì wà lára ohun tó bí àwọn ará ìlà oòrùn nínú. Àṣìṣe tí bàbá ṣe yìí wọ́pọ̀ púpọ̀. Tí ogun bá ti parí, gbogbo ohun rere tó ṣẹlẹ̀ nítòsí rẹ̀ ni a máa ń kà mọ́ ọn.

Ó ní kò ní sí Nàìjíríà mọ́. Ìyẹn wúwo ju ti Kwara lọ, mi ò sì ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ogun jẹ́ kí a rí, ohun tí a lè rí gbà láìjagun ni kí a fi wé e. Fún ogun yìí, nǹkan kan wà lórí tábìlì. Ní ọjọ́ 4 àti 5 oṣù Kìíní 1967, Gowon, Ojukwu àti àwọn ọ̀gágun yòókù pàdé ní Aburi, ní Ghana. Wọ́n fẹnu kò lórí bí àwọn ẹkùn yóò ṣe ní agbára púpọ̀ sí i láìtú orílẹ̀-èdè ká. Nígbà tí wọ́n délé, ẹnì kọ̀ọ̀kan tú u bó ṣe yé e. Nínú oṣù Kẹta, òfin ìjọba ológun tí wọ́n pè ní Decree 8 jáde, ó fún àwọn ẹkùn ní púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n ó fi agbára kan sílẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀ láti dá sí ọ̀rọ̀ ẹkùn, Ojukwu sì kọ̀ ọ́. Àlàfo tó kù láàárín wọn kéré sí ibojì tí wọ́n wá gbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn náà, tí mo bá sì ti dé ibẹ̀ nínú kíláàsì, mo máa ń dúró díẹ̀ kí ohùn mi tó padà.

N kò sọ pé ó ìbá dẹrùn o. Ìgbà tí wọ́n jókòó ní Aburi, ẹ̀jẹ̀ 1966 kò tíì gbẹ. Wọ́n ti pa àwọn olórí ní oṣù Kìíní ọdún yẹn, wọ́n ti pa Ironsi àti Fájuyì wa ní oṣù Keje, wọ́n sì ti pa ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Ìgbò ní òkè ọya, tí àwọn tó kù ń fi ọkọ̀ ojú irin sá lọ sílé. Ẹni tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ní Kánò kò ní gba ìwé kan gbọ́ nítorí pé wọ́n fọwọ́ sí i ní Ghana. Ọ̀rẹ́ rẹ mọ èyí ju àwa lọ.

Wàyí o, àwọn òkú. Láti ìdajì mílíọ̀nù títí dé mílíọ̀nù mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ máa ń dá lé. Wo bí àárín nọ́ńbà méjèèjì ṣe fẹ̀ tó. Kò sẹ́ni tó kà wọ́n nígbà tí wọ́n ń kú. Ebi ló pa púpọ̀ jù nínú wọn, àwọn ọmọdé ló sì pọ̀ jù, tí ikùn wọn wú, tí irun wọn pupa nítorí kwashiorkor. Ìjọba àpapọ̀ dí ọ̀nà ilẹ̀ àti ti òkun pa, àwọn kan nínú rẹ̀ sì sọ ní gbangba pé ebi jẹ́ ohun ìjà. Ojukwu náà kọ̀ kí oúnjẹ gba ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣọ́ wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan wà láàárín àwọn méjèèjì tó ń kú lọ. Ní Asaba, ní oṣù Kẹwàá 1967, ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ yìnbọn pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin tó jáde wá kí wọn káàbọ̀.

Ibí ni mo ti ń bá àwọn tó ń sọ pé "ogun ni ogun ń jẹ́" jà. Ká tiẹ̀ gbà pé ó yẹ kí Nàìjíríà wà lódindi, tí kò sí ọ̀nà mìíràn rárá. Ìyẹn kò sọ Asaba di dandan. Kò sọ ebi ọmọdé di ara owó tí a gbọ́dọ̀ san. Ohun tí a ná tí kò ra nǹkan kan fún wa, a kò lè kó o pọ̀ mọ́ èyí tó rà á, ká wá ní gbogbo rẹ̀ ló tó.

Kí ni ó rà? Kí n má yan ẹnikẹ́ni jẹ: ó ra nǹkan. Orílẹ̀-èdè kò pín. Nígbà tí ogun parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1970, Gowon ní kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun, wọn kò sì pa àwọn tó túúbá bí ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé ṣe rò pé wọ́n máa ṣe. Ìsìnlú (NYSC) tí àwọn ọmọ wa ń lọ bẹ̀rẹ̀ ní 1973 láti inú ọgbẹ́ yẹn. Àwọn yìí kì í ṣe kékeré, àwọn ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ń rí tó bá ń sọ̀rọ̀.

Àmọ́ wo ẹni tí èrè tó pọ̀ jù bọ́ sí lọ́wọ́. Lọ́dún 1969, nígbà tí ìjà ṣì ń lọ, ìjọba ológun ṣe òfin tó sọ gbogbo epo rọ̀bì tó wà nínú ilẹ̀ di ti ìjọba àpapọ̀. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ ogun Nàìjíríà tó nǹkan bí 10,000. Nígbà tó máa parí, ó ti tó 250,000. Wọn kò sì kúrò lórí àga. Wọ́n wà níbẹ̀ títí di 1979, wọ́n tún padà ní òpin 1983, wọn kò sì lọ títí di 1999. Ní ti àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun, ẹni tó ní owó ní báńkì kí ogun tó dé, tó sì lò ó nígbà Bìáfrà, 20 pọ́n-ùn ni wọ́n fún un, iye yòówù kó ní tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1972 ni wọ́n wá ní kí àwọn ọmọ Nàìjíríà ra ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò. Kí ni ẹni tó ní 20 pọ́n-ùn fẹ́ fi rà á?

Ọ̀rọ̀ owó tún wà. Gbogbo wa là ń yin Awólọ́wọ̀ pé òun ni kọmíṣọ́nà ètò ìṣúná, tí Nàìjíríà sì jagun tán láìjẹ gbèsè òkèèrè lé e lórí. Iṣẹ́ ńlá ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó náà ti ibì kan wá. Inú àpò wa ló ti wá: owó orí, àti ìwọ̀nba owó kòkó tí wọ́n ń fún àgbẹ̀. Ogun ń lọ ní ìlà oòrùn, àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀ oòrùn dìde ní 1968 àti 1969, àwọn tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà, wọ́n ń kọrin pé ọ̀kẹ́ mẹ́fà làwọn á san, ìyẹn pọ́n-ùn kan àti ṣílè mẹ́wàá. Ẹ̀mí lọ níbẹ̀ náà. Mo máa ń kà wọ́n mọ́ òkú ogun Bìáfrà, bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó máa ń kà wọ́n mọ́ ọn.

Gbèsè ogun sì máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tó jẹ ẹ́ lọ. Ọdún 2015 ni Bìrìtìkó ṣẹ̀ṣẹ̀ san èyí tó kù nínú ìwé gbèsè ogun àgbáyé kìíní tán, ogun tó parí ní 1918. Ọdún 2006 ló san owó tó yá lọ́wọ́ Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun Hitler tán. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865. Ọmọ ṣójà kan tó jà níbẹ̀ ṣì ń gba owó ìfẹ̀yìntì bàbá rẹ̀ lóṣooṣù títí tó fi kú ní 2020. Ẹni tó bá ṣírò ogun lọ́jọ́ tó parí, kò tíì rí ìdajì owó náà.

Níbi tí irú ìwé ìṣirò bẹ́ẹ̀ kò sí ńkọ́? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ọ̀fà, ọkọ rẹ̀ wọṣẹ́ ṣójà ní 1968, kò sì padà. Kẹ̀kẹ́ Raleigh rẹ̀ wà ní àjà yàrá títí mo fi dàgbà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ìyá yìí á ní kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á fi epo pupa díẹ̀ pa ṣéènì rẹ̀, á yí pẹ́dàlì, á fi etí sí i, ká tó gbé e padà. Ó lọ sí ọ́fíìsì kan ní ìgbà tí n kò lè kà, pẹ̀lú ìwé tó ti ya sí mẹ́rin, wọ́n ní orúkọ ọkọ rẹ̀ kò sí nínú fáìlì. Kò gba kọ́bọ̀ kan kó tó kú. Tí wọ́n bá ń kọ iye owó tí Nàìjíríà ná sí ogun, òdo ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀. Òun ló san òdo yẹn, ọdún mẹ́rìnlélógún.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lè sọ tó bá ka èyí, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbà ṣójà: ṣé àwọn ọ̀rẹ́ wa tó kú, lásán ni wọ́n kú? Ìrora ló wà nínú rẹ̀, fi sùúrù gbọ́ ọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló máa ń jẹ́ kí ogun gùn. Ogun Kírìjì, láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí ibùdó ogun ní 1885. Ní 1886, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà tí Samuel Johnson àti Charles Phillips gbé lọ gbé bọ̀ láàárín wọn, síbẹ̀ 1893 ni ibùdó tó tú ká tán, nítorí ọ̀rọ̀ Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ìbàdàn kò tíì yanjú. Lọ́dọọdún, ẹnì kan á ní ohun tí a ti pàdánù pọ̀ ju ká padà lọ. Bí obìnrin tó ra tòmátì ní ọjà Ìpàta bá rí i pé ó ti ń jẹrà, kò ní tún san owó ọkọ̀ mìíràn lé e lórí kó gbé e dé Lokoja nítorí owó tó ti ná tẹ́lẹ̀. Ohun tó kù láti ná àti ohun tó kù láti rí ni yóò gbé yẹ̀wò. Ohun tí ọkàn mi gbà ni pé ẹni tó ti kú kò lè mú ikú ẹlòmíràn tọ́.

O lè béèrè bóyá mo gbà pé ogun kan wà tó tó iye rẹ̀. Mo gbà. Ogun tí wọ́n fi dá Hitler dúró, mo gbà pé ó tó, nítorí ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ láìsí i burú ju ogun náà lọ, wọ́n sì ti ń ṣe é nígbà náà, kì í ṣe pé à ń rò ó. Síbẹ̀ wo àwọn tó san nínú owó yẹn: àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lọ sí igbó Bọ́má láìmọ ẹni tó ń jẹ́ Hitler, àti nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn tí ìyàn pa ní Bengal, ní ilẹ̀ Íńdíà, ní 1943. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá ó tó.

Nítorí náà, tí o bá padà sí Àjàṣẹ́, má lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ pé òjọ̀gbọ́n kan ní Ìlọrin ní ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Jókòó tì í. Bi í léèrè ibi tí wọ́n kó wọn lọ, ẹni tí wọ́n jọ wà nínú kòtò, ohun tí wọ́n jẹ, ohun tó rí ní abúlé tí wọ́n bá wọ̀. Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bi í rí. Kọ ọ́ sílẹ̀. Tí o bá ṣe tán, pe ọ̀rẹ́ rẹ, kó sọ ti bàbá bàbá rẹ̀: ìlú rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe, ọdún tí wọ́n rí i kẹ́yìn. Béèrè orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Mo wò ó nínú ìwé tí o kọ sí mi, n kò rí i níbẹ̀.